Ohun Tí Karimot Máa Ń Sọ Kí Oorun Tó Dé

Bí ẹ bá béèrè Karimot ọmọ Àrẹ̀mú oníbàtà ní Nyohini, àdúgbò kan ní Tamale, ẹnu àwọn aládùúgbò kò ní kò lórí iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn kan á ní nọ́ọ̀sì ni. Àwọn kan á ní dókítà ni, torí wọ́n ti rí i nínú aṣọ àwọ̀ ewé tí àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń wọ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí mọ́sáláṣí ló gé e kúrú: "Òun ló ń pa èèyàn, òun náà ló ń jí wọn."

Karimot kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ó ní òun kò pa ẹnikẹ́ni rí, oorun lòun ń kùn wọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàbá onírédíò kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́. Oorun tí Karimot ń kunni kì í ṣe oorun orí ẹní. Oògùn kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú gbogbo iṣan ara dẹ̀, tí apá kò ní lè gbéra, tí àyà pàápàá kò ní lè mí fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Karimot á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ọ̀fun lọ sí ọ̀nà èémí, tí ẹ̀rọ á sì máa bá aláìsàn mí. Láti ìgbà tí oògùn bá ti wọ ẹ̀jẹ̀ títí rọ́bà á fi dé àyè rẹ̀, ẹ̀mí ọmọ ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹyin. Ìdí nìyẹn tí gbogbo akunnilóorun fi ń wá bí oògùn náà ṣe máa tètè ṣiṣẹ́. Bó bá ń wọ́ ẹsẹ̀, tí nǹkan sì wà nínú aláìsàn, nǹkan ọ̀hún lè gòkè wá kó sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó wá tọ́jú ojú á sì bá ibòmíràn lọ.

Ilé bàtà ni wọ́n bí Karimot sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kó ìlẹ̀kẹ̀ wá sí Tamale láti Ògbómọ̀ṣọ́ láyé òyìnbó. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò máa lọ, ìdajì ilé náà kó ẹrù, wọn kò sì padà mọ́. Ìdajì tó kù fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń ta bàtà. Gbogbo ayé rò pé inú ṣọ́ọ̀bù ni Karimot máa jókòó sí, ṣùgbọ́n kò mọ ọjà tà. Bí oníbàárà bá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó fún un, kí onítọ̀hún tó sọ̀rọ̀, Karimot á ti ní, "Ó fún yín o. Tó bá di ọ̀sán, á bó yín lẹ́sẹ̀." Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n mú un lọ síléèwé àwọn nọ́ọ̀sì kó má baà lé oníbàárà tán.

Ọdún kejì tó di nọ́ọ̀sì ni àìsàn àpẹ́ńdísì dá a dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yé wa.

Ọgbọ́n kan wà nínú iṣẹ́ ìkunnilóorun. Bí oògùn tó ń mú iṣan dẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń falẹ̀, wọ́n lè kọ́kọ́ fún aláìsàn ní bíńtín nínú rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là. Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á kùn ún lóorun, wọ́n á wá tú èyí tó pọ̀ lé e. Bíńtín àkọ́kọ́ yẹn kò tó láti mú èèyàn rọ, àmọ́ ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, èyí tó pọ̀, bá dé, kò ní pẹ́ tó máa parí ìyókù. Ẹ̀wà tí a ti rẹ sómi láti àná kì í pẹ́ jinná.

Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún. Nínú ara àwọn mìíràn, bíńtín náà kì í ṣe bíńtín. Ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ohun kan á di méjì lójú, itọ́ á kọ̀ kò ní ṣeé gbé mì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Karimot nìyẹn lórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ẹni tó kùn ún lóorun kì í ṣe èèyàn burúkú, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Karimot rò pé ikú ló dé. Ó ní kóun ṣe kálímà, kóun lè fi orúkọ Ọlọ́run sọdá, ahọ́n rẹ̀ kò gbé e. Ó jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ara rẹ̀ yá, wọ́n ń kí i kú oríire, òun sì ń sunkún. Kì í ṣe ọgbẹ́ ló ń dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé nígbà tó rò pé ó tán, kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo mùsùlùmí fẹ́ sọ kẹ́yìn.

Nígbà tó kọ́ iṣẹ́ ìkunnilóorun fúnra rẹ̀, ó mú àṣà kan wọ inú rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé. Kò ní fún ẹnikẹ́ni ní bíńtín yẹn láìjẹ́ pé ó ti sọ ohun tó ń bọ̀ fún un, láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà á ní, "Ó yá, ṣe àdúrà tí o máa ń ṣe kí o tó sùn nílé." Mùsùlùmí á ṣe tirẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì á ṣe tirẹ̀. Ó di ìgbà tí ahọ́n bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí Karimot tó ti abẹ́rẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń pè é ní Lèmọ́mù tíátà, lèmọ́mù yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù tó tẹ̀lé Ramadan, Karimot gun alùpùpù rẹ̀ wá síbi iṣẹ́ láti ilé rẹ̀ ní Vittin, ó bá Dókítà Seth, oníṣẹ́ abẹ ojú, lẹ́nu ọ̀nà tíátà. Seth kì í sábà dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Karimot, aránṣọ kan ni wọ́n gbé dé," ó sọ fún un. "Ó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kán níbi tí aṣọ ti nípọn, ó fò sí i lójú ọ̀tún. Ó ti dá ihò sí i. Ojú òsì ti fọ́ láti kékeré, èéyi ló bà á jẹ́. Ojú kan tó ní nìyẹn."

"Ṣé ó ṣì ń ríran?"

"Ó mọ ìmọ́lẹ̀, ó rí ọwọ́ mi. Bí mo bá tètè rán an, ó lè padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wúkọ́, tàbí tó bì, tàbí tó janpata, ohun tó wà nínú ẹyinjú á tú jáde, kò sì sí òwú tí mo lè fi kó o padà."

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Nọ́ọ̀sì Elizabeth ti bi wọ́n. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà tó ń tẹ̀lé Ramadan ló ń gbà. Kò fi nǹkan kan kan ẹnu láti sààrì."

Ọkàn Karimot balẹ̀. Bí inú bá ṣófo, kò sí ìkánjú. Oògùn tó ń falẹ̀ ni yóò lò, èyí tí kì í yọ ojú lẹ́nu, oníṣẹ́ abẹ á sì ṣe tirẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ó wọlé lọ kí aláìsàn.

Fawziyyah ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ Màmá Bàlkísù, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀ tí ilé wọn wà ní Gumani. Ó fẹ̀yìn tì lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ike bo ojú náà kí ohunkóhun má baà fara kàn án. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, gọ́rá òfìfo kan, ìyẹn ìgò ike, lẹ́bàá ẹsẹ̀. Karimot kí wọn tán, ojú rẹ̀ bọ́ sára gọ́rá náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀. Ó wo ètè Fawziyyah, ó rí dúdú yẹn ní igun ẹnu rẹ̀.

Ọmọ tó lọ sílé kéú kì í ṣì í mọ̀. Bí Karimot bá fẹ́ ṣe ìdánwò, bí ibà bá mú un, irú omi dúdú yìí ni bàbá rẹ̀ máa ń gbé kalẹ̀ fún un. Alfa á fi tàdáà, yíǹkì dúdú, kọ ẹsẹ Kùránì sára pátákó wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á mu omi náà. Hàntú là ń pè é.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, á béèrè ohun tí Elizabeth béèrè, á sì gba èsì tí Elizabeth gbà. Karimot kò béèrè bẹ́ẹ̀.

"Màmá Bàlkísù, ṣé Alfa ti gbọ́?"

Ojú ìyá náà mọ́lẹ̀ díẹ̀. "Alfa Ìsá ni mo kọ́kọ́ pè. Wallahi, kíá ló kọ ọ́, ó da oyin sí i. Ó ní kó mu ún tán kó tó dé iwájú dókítà. Gbogbo gọ́rá yìí ló mu. Ọmọ yẹn gbìyànjú."

"Ẹ ò sọ fún Elizabeth."

"Ó bi mí bóyá ó jẹun, mo ní rárá. Ó bi mí bóyá ó mu omi, mo ní rárá. Hàntú kì í ṣe omi, Karimot. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni."

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó sọ. Ẹ lọ bi èyíkéyìí nínú àwọn ìyá wa, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dáhùn. Karimot jókòó tì í, ó sì ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́ pé bí ara bá fara pa, tí ẹ̀rù sì ń bà á, inú kì í da nǹkan sísàlẹ̀ mọ́. Ohun tó bá wọlé á dúró síbẹ̀, oyin tàbí omi, ó sì lè gòkè wá nígbà oorun.

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Màmá Bàlkísù. "Ṣé èmi ni mo fọ́ ojú ọmọ mi tó kù ni?"

"Àdúrà ò fọ́ ọmọ yín lójú," Karimot dá a lóhùn. "Ọ̀nà tó gbà wọlé ló ṣòro díẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún wa."

Àmọ́ nígbà tó padà sọ́dọ̀ Seth, kò lè sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń rò ó. Bí wọ́n bá ní kí inú kọ́kọ́ dà, ó lè di ọ̀la, ihò sì wà lójú. Oògùn kan wà tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí iṣan fò díẹ̀ kó tó dẹ̀, ó sì lè fún ẹyinjú. Àwọn dókítà ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe le tó. Seth ní kí wọ́n lọ máa jiyàn wọn, òun kò ní fi ojú kan ṣoṣo ta tẹ́tẹ́. Oògùn tuntun kan wà tó yára tí kò sì yọ ojú lẹ́nu, ó ti tán, wọ́n ṣì ń retí rẹ̀ láti Accra. Èyí tó ń falẹ̀ ló kù.

"A máa rẹ ẹ̀wà nìyẹn," Karimot sọ.

Seth ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́, ó mọ ohun tó ń sọ. "Ojú rẹ̀ máa là nígbà tí bíńtín yẹn bá wọlé. Bí ẹ̀rù bá bà á, tó janpata ńkọ́?"

"Kò ní janpata bó bá mọ ohun tó ń bọ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú. Kò dá a lójú tó bẹ́ẹ̀. Bó bá fún un ní bíńtín tó kéré jù, kò ní wúlò. Bó bá pọ̀ jù, ọmọ náà lè má lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì, hàntú á sì wá ọ̀nà àyà lọ. Ara ẹlòmíràn kò ṣeé fi ojú wọ̀n, Karimot sì mọ̀ pé bí nǹkan bá yíwọ́, òun lòun máa jáde lọ bá ìyá yẹn.

Wọ́n gbé Fawziyyah wọ tíátà. Karimot kò gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà níbi ìgbọ̀nwọ́ ló wá, ó fi aṣọ tí wọ́n rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wé apá náà, torí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú kó tutù. Oògùn tó bá gba títì ńlá kì í pẹ́ dé bí èyí tó gba kọ̀rọ̀. Ó so omi mọ́ ọn tó máa tì í lẹ́yìn. Ó gbé ìbòmú afẹ́fẹ́ sí imú rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́, kó má baà tẹ ibi ojú.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Tamale ń gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, àmọ́ Yorùbá ni Karimot fi bá a sọ̀rọ̀, torí òun ni ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Fawziyyah, oògùn kékeré kan máa ṣíwájú. Ìpéǹpéjú rẹ máa wúwo. Ahọ́n rẹ á wúwo, ọ̀fun rẹ á dà bíi pé kì í ṣe tìrẹ. Ó lè ṣe ọ́ bíi pé o ò lè mí, àmọ́ wàá máa mí, mò ń wò ọ́. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Má bá a jà. Kò ní pẹ́, oorun á dé. Bí o bá ń gbọ́ mi, tí o ò lè sọ̀rọ̀, fún ọwọ́ mi pọ̀. O gbọ́?"

"Na ji, Àǹtí," Fawziyyah fi Hausa dáhùn pé òun gbọ́.

"Ó yá. Ṣe àdúrà tí o máa ń ṣe kí o tó sùn."

Ètè ọmọ náà ń mì lábẹ́ ìbòmú. Elizabeth dúró, Seth dúró, ẹnikẹ́ni kò fi Lèmọ́mù tíátà ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ṣe àmín, Karimot ti bíńtín náà.

Kò pẹ́ tí ìpéǹpéjú òsì fi wálẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ gbé itọ́ mì, kò fẹ́ lọ. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Èjìká rẹ̀ le, orí rẹ̀ fẹ́ gbéra nílẹ̀. Karimot mọ ibi tó wà yẹn. Ó ti wà níbẹ̀ rí, òun nìkan.

"Ìpéǹpéjú ti wúwo," ó sọ fún un, "bí mo ṣe sọ. Ọ̀fun ti ṣe bí mo ṣe sọ. Kò sí èyí tí mi ò mọ̀ nínú rẹ̀. O ti ṣe àdúrà rẹ tán, ó ti dé ibi tó ń lọ. Fún ọwọ́ mi pọ̀."

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ìka Fawziyyah fún ọwọ́ Karimot. Kò lágbára, bí ọwọ́ ọmọ ọwọ́ ni, àmọ́ èjìká rẹ̀ rọ̀, orí rẹ̀ padà sílẹ̀.

Karimot tú oògùn oorun, ó tú èyí tó pọ̀ tẹ̀ lé e, ó ṣí omi sílẹ̀ kó máa tì í. Elizabeth fi ìka tẹ ọ̀nà oúnjẹ pa níbi ọrùn. Iṣan tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀, ọ̀nà èémí hàn kedere, rọ́bà wọlé láìsí ikọ́ kankan. Karimot wá ki rọ́bà kejì lọ sínú ikùn, ó fà á. Omi dúdú ń jáde, òórùn oyin ń tara rẹ̀ wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún abọ́.

Seth yíjú wò ó. "Kí lèyí?"

"Àdúrà ni, Dókítà. Ẹ máa rán ojú yín lọ."

Ó rán an. Nígbà tí Karimot jáde lọ bá Màmá Bàlkísù, ìyá náà kò béèrè nípa ojú lákọ̀ọ́kọ́. Ó béèrè bóyá hàntú náà ṣe ìjàǹbá. Karimot ní kò ṣe. Àánú ìyá náà ṣe é púpọ̀, torí ó mọ̀ pé ìfẹ́ ló kún gọ́rá yẹn dé ẹnu.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó lọ kí Alfa Ìsá. Kò lọ kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun wá béèrè ọ̀rọ̀: bí ẹnìkan bá ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ, ṣé dandan ni kó mu ún? Alfa ronú, ó ní kì í ṣe dandan. Wọ́n lè fi pa orí àti apá, ọ̀rọ̀ náà mọ ọ̀nà. Láti ìgbà náà, bí àwọn ará wa bá dé ọ̀dọ̀ Karimot tí apá wọn dúdú, ó ti mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Kí Jímọ̀ yẹn tó dé, ọjọ́ tí wọ́n máa tú bándéjì ti kọ́kọ́ dé. Karimot kò ní iṣẹ́ kankan ní wọ́ọ̀dù ojú, ó kàn rí i pé ẹsẹ̀ òun gbé òun débẹ̀. Màmá Bàlkísù di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Seth tú u díẹ̀díẹ̀, ó nu ojú náà, ó ní kí Fawziyyah rọra là á. Ó gbé ìka sókè.

Fawziyyah kò wo ìka. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ṣẹ́ ojú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Seth tún gbé ìka náà sún mọ́ ọn, kò tún wò ó. Ìyá rẹ̀ fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó di tẹ̀sùbáà mú.

"Àǹtí Karimot," ọmọ náà fi Yorùbá rẹ̀ tí kò dán mọ́rán sọ, "aṣọ yín ti tú. Ní ìsàlẹ̀. Òwú ti já."

Karimot wo ìsàlẹ̀ aṣọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Etí rẹ̀ ti tú ní ibi kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò rí, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń fì níbẹ̀. Ó fẹ́ dáhùn, ahọ́n rẹ̀ kò gbé e, ó kàn di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó sì fún un pọ̀.

Elizabeth mú àlùmọ́gàjí wá kó gé òwú náà. Karimot ní kó fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wọ aṣọ náà kiri títí Fawziyyah fi padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, tó rán an.